Ilé Tí Verlin Fi Ọwọ́ Òsì Kọ́

"Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi kọ́ ọ," ni Verlin Stroud wí, ó sì na ọwọ́ òsì náà sókè kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lè rí i dáadáa. "Ọ̀sán ọjọ́ kan péré! Ife kọfí ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọfí ọ̀hún ò sì tutù. Nígbà tí mo gbá ìṣó tó kẹ́yìn wọlé, ariwo rẹ̀ dé Mexico, gbogbo adìyẹ tó wà níbẹ̀ yé ẹyin láìròtẹ́lẹ̀. Àkùkọ gan-an yé."

Maybeth, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Orpha ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ilé náà ló ń wò.

Ká sòótọ́, ilé ọ̀hún tó wò. Alájà ni, bíríkì pupa, fèrèsé gbọọrọ gbọọrọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú tó fẹ̀ tó kí èèyàn máa sáré nínú rẹ̀. Àwọn ilé ẹlẹ́wà mìíràn tò lọ ní ìhà méjèèjì títì, kò sí mọ́tò kan, kò sí òpó iná kan, àfi bíi pé wọ́n ti yí ọdún padà sí ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ sinimá Pelham ní Culver City ló ni títì náà. Sinimá olórin ni wọ́n ń yà níbẹ̀, ti bàbá kan tó ń ta dùùrù, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin márùn-ún tí wọn kì í lè béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ láìfi orin béèrè. Ọjọ́ Àìkú ni, àwọn òṣèré wà nílé wọn. Ambrose, bàbá àgbà tó ń ṣọ́ géètì, ló jẹ́ kí Verlin àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọlé.

"Ẹ má pẹ́ o," Ambrose ti wí. "Ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Verlin, ojú ẹ ni mò ń wò yẹn."

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Verlin kúrò ní Sedalia, ìlú wọn ní Missouri, tó ní òun ń lọ kọ́lé sí California, òun á sì wá kó ìyàwó àti ọmọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tó bá fi tẹlifóònù pè ni ilé ọ̀hún ń ga sí i. Ó kọ́kọ́ ní yàrá mẹ́rin. Nígbà tó di Kérésìmesì, ó ti di mẹ́jọ. Nígbà tí ọdún yípo, ilé náà ti ga débi pé àwọn ẹyẹ ní láti sinmi láàárín méjì kí wọ́n tó dé orí òrùlé. Bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan ni Verlin ní láyé yìí, nínú yàrá tí òun àti àwọn àpọ́n kan jọ ń sùn, ọ̀kan nínú wọn sì ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé fi ń ṣí fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Orpha sọ fún un pé ẹnu ọkọ rẹ̀ nìkan ni ilé náà dúró sí, Orpha mú ọmọ, ó wọkọ̀ ojú irin, ó dé. Ní ibùdókọ̀ ló ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ iye kọfí tóun fẹ́ mu: "Verlin, tí ilé bá wà, a ò lọ mọ́. Tí kò bá sí, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè la ó bá padà. Mi ò tún ní dá ọmọ mi dúró de nǹkan mọ́."

Verlin ti to òótọ́ sẹ́nu kó tó dé ibùdókọ̀ náà. Ọlọ́run gbọ́, ó ti tò ó tán. Ṣùgbọ́n bí Maybeth ṣe fò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ti ga, tí eyín iwájú rẹ̀ ti hù tán láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ohun tó tò sẹ́nu dà nù.

"Kí ló dé tá ò lè wọlé?" Orpha béèrè báyìí.

"Iná ni!" Verlin dáhùn kíákíá. "Ṣé mi ò tíì sọ fún ẹ ni? Ọ̀gá Pelham fúnra rẹ̀ ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi kí n yá wọn nílé mi fi ya sinimá. Ó sunkún títí bàtà mi fi rin. Ojú ń tì mí, mo ní kó máa gbé e lọ. Wọ́n wá kó iná ńláńlá tí wọ́n fi ń ya sinimá kún inú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wọbẹ̀, kó tó ní 'ẹ ǹlẹ́ o', ó ti di yíyan."

"Dádì, ṣé orí àtẹ̀gùn yín ni wọ́n ti ń kọrin?" Maybeth béèrè.

"Wọn kì í kọ ọ́, ọmọ mi. Àwo orin ló ń kọ ọ́. Ìyá inú fíìmù yẹn, tó bá la ẹnu báyìí, àyà á já ẹ, ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Obìnrin mìíràn ló bá a kọ ọ́ sínú àwo, tiẹ̀ ni kó ṣáà máa ṣí ẹnu. Áísìkirimù tí wọ́n ń jẹ pàápàá, pòtétò tí wọ́n gún ni. Iná á yọ́ áísìkirimù gidi."

"Irọ́ ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà?"

"Irọ́ kẹ̀? Iṣẹ́ ni."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?" Orpha bi í. Verlin rẹ́rìn-ín tó dún ju bó ti yẹ lọ.

Orpha jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Verlin ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn. "Yàrá wo ni ti Maybeth?"

"Èyí tó ní aṣọ léèsì lójú fèrèsé lókè yẹn."

Maybeth bọ́ sí ojú títì, ó sì ń juwọ́ sí fèrèsé náà bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dá a lóhùn.

Orpha wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Verlin, sọ òótọ́ fún mi kí ọmọ yẹn tó padà wá. Mi ò ní bínú. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lo ní, sọ ọ́ fún mi."

Òótọ́ gun ọ̀nà ọ̀fun Verlin bí òsúkè. Ó dé ẹ̀yìn eyín. Ká ní ó pa ẹnu mọ́ ni, kó kàn mi orí, ohun gbogbo ì bá ti yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Maybeth ti ń sáré bọ̀, ó ń kígbe pé, "Dádì, mo fẹ́ràn yàrá mi!"

"Yàrá kan kẹ̀?" Verlin pariwo. "Mẹ́rìnlá ni! Mi ò tíì ka ti abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi ò tíì rìn dé òpin ẹ̀."

Orpha wo ilẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Òjò Culver City ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá pinnu, ẹja lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀lú. Afẹ́fẹ́ ń gbá a wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Maybeth sì sún mọ́ ògiri, ó fẹ̀yìn tì í.

Verlin rí ọ̀dà tó wà lára ògiri náà. Ó mọ ọ̀dà yẹn. Kí bíríkì má bàa máa dán nínú iná, omi àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń po ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun ilé sinimá, omi náà ló sì ń pa á rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó.

"Maybeth, kúrò níbẹ̀!"

Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ọmọ náà yí padà, ẹ̀yìn aṣọ funfun rẹ̀ ti pupa bíi ti alápatà. Orpha dìde. Ó fi ìka nu ògiri, bíríkì kan bá ìka rẹ̀ lọ látòkè délẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìka náà. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Verlin fò síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì. "Iná á jó ẹ o! Wọ́n á kó eérú ẹ fún mi!"

Orpha fi ọwọ́ kan gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí aṣọ fèrèsé, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Kò sí iná. Kò sí àtẹ̀gùn. Igi ni wọ́n fi ti ẹ̀yìn ilé náà kó má bàa ṣubú, koríko hù sáàárín wọn, òjò ń rọ̀ sórí koríko náà. Maybeth gba abẹ́ apá ìyá rẹ̀ wọlé, tàbí ká sọ pé ó jáde. Ó gbójú sókè wo ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀. Wọ́n kan aṣọ léèsì mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó, ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dádì," ó wí, "ibo ni bẹ́ẹ̀dì mi wà?"

Verlin wo inú koríko bíi pé bẹ́ẹ̀dì náà lè wà níbẹ̀.

"Ta ló kun àwọn bíríkì yìí?" Orpha béèrè.

"Èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Orpha padà sí ìhà tí òjò ò tíì dé, ó tẹjú mọ́ ògiri ibẹ̀. Kò sí bíríkì méjì tó bára mu níbẹ̀. Èéfín ti ba ọ̀kan lójú, òmíràn ti ṣá, èéhù hù sí igun òmíràn bí ẹni pé ó ti ń gba òjò láti ayé bàbá ńlá ẹnì kan.

"Ó dára," ó wí. "Verlin, ó dára gan-an ni. Ká ní èyí lo sọ fún mi pé, 'Ilé àwọn onísinimá ni mò ń kùn, ibi tí mo ń sùn ò tó nǹkan,' ǹ bá ti dé láti èṣí. À bá ti jọ há mọ́ra wa níbikíbi. Ilé kọ́ ni mò ń dúró dè lọ́dún mẹ́ta."

"Èyí kọ́ ni ilé gidi," Verlin bẹ̀rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. "Ilé gidi wà lórí òkè lọ́hùn-ún, kódà ó..."

"Verlin."

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó pè.

Ká ní Maybeth sunkún ni, Verlin ì bá pa á lẹ́rìn-ín. Ká ní ó bú u, ì bá bú ara rẹ̀ kún un. Ọmọ náà kàn dúró nínú òjò, ó ń wò ó, ó ń dúró kí bàbá òun sọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà.

"Ẹ dúró," Verlin wí. "Ẹ ṣáà dúró díẹ̀, mo fẹ́ lọ gba agboòrùn lọ́wọ́ Ambrose."

"Ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè wá o," Orpha dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ò le. Ìyẹn ló burú jù.

"Mò ń bọ̀!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn. Nígbà tó dé iwájú ilé kejì, ó ti ń yára. Nígbà tó dé ìkẹta, eré ló ń sá, eré tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ò fi ríbi bà á, ibi tó ti kọjá nìkan ló ń rọ̀ sí. Ó gbọ́ tí ọmọ ń kígbe, "Dádì! Dádì!" Kò bojú wẹ̀yìn.

Ambrose na ọrùn jáde nínú àtíbàbà rẹ̀. "Verlin! Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Ó ti kọjá géètì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin wà. Òsì ni Verlin yà sí.