Àdúgbò Tí Kò Sí Arúgbó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ́ kí wọ́n ti ilé ìwòsàn àdúgbò wa pa, ẹ má lọ jìnnà. Èmi rèé. Èmi àti báírò mi.

Ìjọba ń ka gbogbo ìlú: èèyàn mélòó, ọmọ ọdún mélòó, èló ló ń wọlé fún wọn lóṣù. Òpópónà tiwa ni wọ́n fún mi kà. Ọ̀gá wa kìlọ̀ pé, "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe o." Ṣùgbọ́n mo ti rí i lórí tábìlì rẹ̀: ibi tí arúgbó àti aláìní bá pọ̀ sí nìkan ni ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ yóò kù sí.

Mo kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Bàbá Aránbàtà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé abẹ́rẹ́ ń gún un lójoojúmọ́.

"Kọ àádọ́ta," ló wí. "Ta ló máa gbé bàtà fún arúgbó?" Ó wá dárúkọ owó oṣù kan tí kò fojú rí rí láyé. "Ìjọba ò ní kọ mí sílẹ̀ ní òtòṣì. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń purọ́ láti ilé dé ilé nìyẹn, tí mò ń kọ ọ́, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ilé wa ló kẹ́yìn. Màmá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ tí egbò ti ń jẹ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn ló ń bá wọn wẹ̀ ẹ́ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè.

"Kọ méjìdínlọ́gọ́ta."

"Màmá! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pé méjìléláàádọ́ta!"

"Mo tètè bímọ ni."

"Owó tó ń wọlé fún yín ńkọ́?"

"Kọ ọ́ pé ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa. Àbí o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo bí ọmọ tí kò lè bọ́ mi?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ fún wọn nípa ilé ìwòsàn náà. Ojú tì mí, mo kọ irọ́ náà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn: ọ̀dọ́ ló ń gbé àdúgbò yìí, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo sáré tọ ọ̀gá lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún wa kà."

"Ó di ọdún mẹ́wàá sí i."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi ni mò ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà báyìí. Ó ti dúdú, ó ti gòkè dé orúnkún, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá kan. Nọ́ọ̀sì ti kó lọ sí òdì kejì ìlú, a ò sì lówó dókítà.

Láàárọ̀ yìí, Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ìwé yẹn, ṣé o kọ ọ́ sí i lóòótọ́ pé ò ń tọ́jú mi?"

"Mo kọ ọ́, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ẹsẹ̀ sí mi kí n tún un wé.