Òógùn Ògúntádé Nínú Yàrá Ìwé

Láti kékeré ni òógùn ti ń bá Ògúntádé fínra. Kì í ṣe òógùn ẹni tó ru ẹrù tàbí ẹni tó sáré o. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ fáànù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa rin, ọrùn rẹ̀ á máa dán, ẹ̀wù rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tó kọ́kọ́ bọ Margaret, tó padà di ìyàwó rẹ̀, lọ́wọ́, ńṣe ni ọmọbìnrin náà bi í pé ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwo tán ni.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé Alhaja Kùdírátù ní Ìlúpéjú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, kó fa ilà pupa sábẹ́ àṣìṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bí àmì ohùn kan bá sọnù nínú igba ojú-ewé, á wá a rí.

Ìgbà tí Alhaja ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ni wàhálà dé. Ẹ̀rọ náà gùn tó mọ́tò akérò. Inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti ń bọ́ sí i lára tààrà, á sì máa tu ìwé jáde bí ẹni ń tú ẹyẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ṣòro. Bí ìwé bá mu omi inú afẹ́fẹ́ jù, á ká kò, á há sí i nínú. Bó bá sì gbẹ jù, àwọn ìwé á máa fà mọ́ra wọn bí ọ̀rá, ẹ̀rọ á gbé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tún há. Torí náà, wọ́n kọ́ yàrá kan fún ẹ̀rọ àti ìwé, wọ́n fi ẹ̀sì méjì tó ń mú yàrá tutù síbẹ̀, wọ́n sì kan aago kékeré kan mọ́ ògiri tó ń sọ iye ọ̀rinrin tó wà nínú yàrá. Àádọ́ta ló yẹ kó máa wà. Bó bá kọjá ọgọ́ta, tàbí tó bá wálẹ̀ ju ogójì lọ, ẹ̀rọ náà á han gooro, á sì dákẹ́.

Beulah ló ń darí ẹ̀rọ yìí, ọmọ tíṣà láti Yaba, ọmọbìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi búra fún un, Ògúntádé wọ yàrá náà, ó gbọ́wọ́ lé ìdì ìwé kan kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Beulah máa wò, ogún ìdì ìwé ti ká kò. Kò ju ẹyọ kan tí ọwọ́ Ògúntádé kàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń làágùn? Alhaja ní kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn: OMI, OÚNJẸ ÀTI Ọ̀GBẸ́NI ÒGÚNTÁDÉ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Ògúntádé dúró, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ títí oṣù Kìíní fi dé, tí ọyẹ́ sì mú. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Ètè àwọn èèyàn ń là, gìrísì ò tó ẹsẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè àti Yaba sì ti gbé iṣẹ́ ìwé ìṣirò ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wá, tí wọ́n fẹ́ gbà kí àwọn ọmọ tó wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Aago ara ògiri wà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀.

Wọ́n gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná wọlé. Aago sún sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó padà. Wọ́n ta tówẹ́ẹ̀lì tútù káàkiri bí ilé alágbàfọ̀. Yẹ̀kínnì, ọkùnrin tó ń gé ìwé, fọ́n omi sí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ike ìfọ́nmi tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ aṣọ, ó sì ba ìdì ìwé mẹ́ta jẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ògúntádé rí i pé ojú-ewé kejìlá sọ pé méje lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Kò lè mú un mọ́ra. Ó rékọjá ìkìlọ̀ ara ilẹ̀kùn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù Alhaja ń bà á, òógùn sì ń ṣàn lára rẹ̀.

"Beulah, mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí á kùnà."

Aago ni Beulah ń wò. Ó ti dé méjìdínlógójì. Kí Ògúntádé tó parí àlàyé rẹ̀ lórí méje àti méjì, ó ti di mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rọ náà sì hó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Beulah wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde díẹ̀."

Ó jáde. Aago wálẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ padà wọlé."

Ó wọlé. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pe Alhaja. Ó wò ó fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Ògúntádé ń jáde, ó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé ara ilẹ̀kùn, ó sì ní kí wọ́n gbé àga sáàárín àwọn ìdì ìwé. "Ògúntádé, Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi dá ẹ báyìí," ló sọ. Wọ́n fún un ní kóòtù onírun, wọ́n ń gbé ọbẹ̀ ata fún un ní wákàtí wákàtí. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ òógùn rẹ̀.

Jude, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà, wá ṣe àyẹ̀wò ní Ọjọ́rú. Ó wo aago, ó mi orí.

"Alhaja, irú ẹ̀rọ ọ̀rinrin wo lẹ rà?"

Alhaja nawọ́ sí Ògúntádé. Jude wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde.

"Ìgbà wo lẹ tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ó jẹun ní aago kan," ni Beulah dáhùn.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀sì fẹ́ sí i tààrà. Ẹ má sì gbé e kúrò lójú kan nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ." Ó kọ nọ́ńbà kan sórí ìwé pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ẹ̀wù Ògúntádé, ó ní òun á padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ògúntádé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni pé òógùn ò dúró lójú kan. Nígbà míì ara rẹ̀ á balẹ̀, aago á sì máa lọ sílẹ̀. Beulah ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù yára ju ọbẹ̀ ata lọ. Bí aago bá ti ń sún mọ́ ogójì, á yí sí i: "Ẹ̀gbọ́n, lándílọ́ọ̀dù yín pè, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé inú yàrá yín." Aago á fò sókè. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó ní ọmọ òun ti rí ilé síbòmíì." Aago á wálẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi í jẹ díkónì, wọ́n tún ní wọ́n ti fi ẹlòmíì jẹ ẹ́. Wọ́n ní Alhaja ń wá a, wọ́n tún ní kì í ṣe òun ni. Beulah ò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ló ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó fi máa di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ògúntádé ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé mọ́. Margaret ní oúnjẹ ti délẹ̀ nílé, Ògúntádé bi í pé: "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo, Ìyanuolúwa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe ìdánwò yunifásítì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti gbà á. Ìyá rẹ̀ wà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìsinmi tó ti ń kọ́ ọmọ, kò gbé fóònù. Ọmọ náà sì gbéra láti Sùúrùlérè, ó di Ìlúpéjú, ó já wọ yàrá ìwé láì kan ilẹ̀kùn.

"Dádì! Wọ́n ti gbà mí! Dádì, wọ́n ti gbà mí wọlé!"

Ògúntádé kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Aago ló wò. "Beulah, ó ti ga jù, àbí? Mélòó lẹ fẹ́ kó wálẹ̀ sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan nípa eléyìí o."

"Dádì, èmi ni."

"Mo mọ̀. Kí ni wọ́n ní kí o lọ kọ́?"

"Ìmọ̀ òògùn."

Ògúntádé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹ ò rí i? Òógùn! Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, wọ́n rò pé mi ò ní rí i. Wọ́n ti lo lándílọ́ọ̀dù, wọ́n ti lo ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa lo ìwọ náà."

Ìyanuolúwa wò ó, ó wo kóòtù onírun, ó wo nọ́ńbà àyà rẹ̀. Ló bá bú sẹ́kún, ló bá jáde.

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Ògúntádé ti gbẹ. Beulah sọ pé ilé wọn ń jó, kò mira. Ó ní wọ́n ti fi í ṣe mánéjà, kò mira. Ọbẹ̀ ata kọjá lọ́fun rẹ̀ bí omi lásán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbẹ bí pákó. Aago wà ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìwé ẹgbẹ̀rún méjì ló ṣẹ́ kù.

Beulah fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ̀kan tí kì í ṣe irọ́. Ogún ìdì ìwé tó bàjẹ́ ní oṣù Keje, kì í ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni mo gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Òjò fẹ́ sí i. Mo rí yín pẹ̀lú òógùn yín, mo sì dákẹ́."

Ògúntádé yí ojú sí i. "Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, Beulah."

"Mo mọ̀, sà."

Ẹ̀kán òógùn kan yọ níwájú orí rẹ̀. Aago dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Yẹ̀kínnì, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, rí i, ó ní òun náà ní tòun: òun lòun máa ń jẹ ẹran tó ń sọnù nínú kúlà oúnjẹ Ògúntádé. Mẹ́rìndínlógójì. Wọ́n sáré lọ pe Alhaja kó wá sọ tirẹ̀.

Alhaja lé gbogbo èèyàn jáde àyàfi Beulah tó ń darí ẹ̀rọ. Ó jókòó síwájú Ògúntádé, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ògúntádé, ó ti pé ọdún méjì tí mi ò ti lè ríran kàwé. Gbogbo iṣẹ́ tí o ń gbé wá fún mi kí n buwọ́ lù, mo kàn ń wò ó bí ẹni ń wo òkun ni. Ìwọ nìkan lo ń ka ohun tó ń jáde nílé yìí. Bí àṣìṣe kan bá kọjá lójú rẹ, kò sẹ́ni tó máa mú un. Mi ò sọ fún ẹ torí pé ẹ̀rù ń bà mí kó o má lọ."

Ògúntádé ronú kan gbogbo ìwé ọdún méjì. Kálẹ́ńdà, ìwé orin, ìwé ìṣirò, gbogbo rẹ̀. Òun nìkan. Òógùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó gba ọrùn, ó gba àyà, nọ́ńbà Jude bọ́ sílẹ̀ lára àpò rẹ̀. Aago dé àádọ́ta. Ẹ̀rọ hó.

"Alhaja," ló wí, "ṣé ọmọ mi wọlé lóòótọ́?"

"Mi ò mọ̀. Pè é."

Ó pè é. "Ìyanu, má bínú sí mi. Tún un sọ."

A ò gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n Ògúntádé tẹ fóònù mọ́ etí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọkún bí ọmọ ọwọ́. Aago ń gun òkè: mẹ́rìnléláàádọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Beulah ò dúró kí ẹ̀rọ pariwo. Òun fúnra rẹ̀ nawọ́, ó pa á. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọkún wọn tán ná," ló wí.

Ọ̀sán Sátidé ni ìwé ìkẹyìn jáde, méje lọ́nà méjì sì jẹ́ mẹ́rìnlá nínú gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Alhaja ra ẹ̀rọ ọ̀rinrin gidi. Ògúntádé sì di ẹni tó ń jókòó ti Alhaja ní ọ́fíìsì láràárọ̀, tó ń ka gbogbo ìwé sí i létí kó tó buwọ́ lù ú.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ìwé tó wà lókè pátápátá ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó fi ń tọrọ àyè láti mú ọmọ rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì.

"Ọjọ́ mélòó lo tọrọ?" ni Alhaja bi í.

"Ọjọ́ mẹ́wàá, ma."

Alhaja nawọ́ fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rin gbindin.

"Mélòó lo kọ síbẹ̀?"

"Márùn-ún, ma."

"Máa gba méje," ni Alhaja wí, ó sì ní kó fi ìka òun lé ibi tí òun máa buwọ́ lù.