Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ Fèrèsé

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé yín," ni Nóra wí, ó di ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń koná mú ṣinṣin. "Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọmọ mi máa tó dé."

Sorcha, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ló ń lé jáde. Sorcha gbé abọ́ ọbẹ̀ ọ̀dùnkún sórí tábìlì, ó rọra fà sẹ́yìn. Láti ìjẹta ni ìyá rẹ̀ ti kọ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kì í jẹun lọ́wọ́ ẹni tí òun ò mọ̀ rí. Fiachra, ẹ̀gbọ́n Sorcha tó wà ní Dublin, ti pè láàárọ̀ pé àyè kan ṣí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì. Ó ní bí Màmá ò bá mọ Sorcha mọ́, kí ni Sorcha tún ń dúró ṣe níbẹ̀?

Sorcha bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọdé ń kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbòjú oníke tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn. Alẹ́ Halowíìnì ni, tí àwọn ọmọdé máa ń bojú kiri ilé.

Nígbà tí Sorcha wà lọ́mọdé, ta ló jẹ́ pariwo? Ẹ̀wù àtijọ́ Máirtín, bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló máa ń yí inú rẹ̀ síta wọ̀. Á fi aṣọ fèrèsé oníléèsì bojú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọlé onílé, wọ́n á dúró láìsọ̀rọ̀. Onílé ni yóò sọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tí wọ́n bá ti dá mọ̀, dandan ni kó ṣíjú, kó jókòó, kí wọ́n gé búrẹ́dì eléso fún un. Bí eyín rẹ̀ bá kan òrùka tí wọ́n fi pamọ́ sínú búrẹ́dì náà, ó di kí gbogbo ilé máa bi í ìgbà tó máa ṣègbéyàwó. Kò sẹ́ni tó rí Nóra tàn rí. Àwọn aládùúgbò ní ojú mìíràn wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. "Má wo ojú," Nóra a máa sọ fún Sorcha létí. "Ẹsẹ̀ ni kó o wò."

Ẹ̀wù náà ṣì ń fì lára ìṣó níbi tí wọ́n ń kó igi sí. Sorcha yí inú rẹ̀ síta, ó wọ̀ ọ́, ó já aṣọ fèrèsé ibi ìfọṣọ, ó fi bojú, ó sì yípo dé iwájú ilé. Ó kan ilẹ̀kùn. Bí irin yẹn bá bà á lórí ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá gbé Màmá ṣubú ńkọ́?

Ilẹ̀kùn ṣí. Nóra gbé irin sókè. Ó wo aṣọ, ó wo ẹ̀wù, ojú rẹ̀ wá sọ̀kalẹ̀ dé ibi bàtà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Irin rọra wálẹ̀.

"Máirtín ló lẹ̀wù," ó ní. "Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń gun ara wọn bíi tẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yìí, Sorcha ló ni ín. Ibo lo wà látàárọ̀, ìwọ ọmọ yìí? Obìnrin kan wà nínú ilé mi tí kò jẹ́ kí n sinmi."

"Ó ti lọ, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣíjú, kó o wá jẹun."

Sorcha di etí aṣọ náà mú, kò ṣí i. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá òun jẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i. Nóra kùn pé oríkunkun Máirtín ló jogún, ó jókòó, ó fa ọbẹ̀ tó ti tutù mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Fóònù dún. Fiachra ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní àyè náà," ni Sorcha sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ó ti wá mọ̀ ẹ́ ni?"

"Ó mọ ẹsẹ̀ mi," ló fi dá a lóhùn. Ó pa fóònù náà, ó sì fa aṣọ fèrèsé bo ojú rẹ̀ dáadáa.