Ọjọ́ Méje Lábẹ́ Omi Wàrà

Ọgbọ̀n ọdún ni Velappan fi dúró níwájú ìléru, tó ń yọ́ idẹ, tó ń fi í ṣe fìtílà àti agogo fún àwọn ilé òrìṣà agbègbè Palakkad ní ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tó di ẹni àádọ́ta ọdún, ó dà bí ẹni pé iná náà ti wọ inú ara rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó o bí ẹni tó tẹ ẹyin iná, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ kún fún egbò, oorun dá lójú rẹ̀. Ìbínú rẹ̀, tó ti máa ń yá tẹ́lẹ̀, wá di ohun tí adìẹ inú àgbàlá pàápàá ń sá fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó sọ àwo oúnjẹ mọ́ ògiri, Ammini ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Sumathi, ẹ lọ rí Màmá Kamalam, àbí kí n kó lọ sílé bàbá mi. Ẹ mú ọ̀kan."

Màmá Kamalam ni oníṣègùn àdúgbò. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ Velappan, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Ìrẹsì àti máńgòrò kíkan tí wọ́n fi ata sí, Màmá."

"Iná ń jó nínú rẹ, o tún ń da ata sí i? Ó dáa. Ata tán. Ohun kíkan tán. Ẹmu àgbọn tí o rò pé n kò mọ̀, òun náà tán. Máa rẹ èso kọriánda sómi di àárọ̀, kí o mu ún kí o tó jẹun. Má ṣe sún mọ́ ìléru lọ́sàn-án gangan. A ó sì máa da omi wàrà tútù sí ọ níwájú orí fún ọjọ́ méje."

"Ta ló máa dà á?"

"Kuttappan ni."

Velappan dìde. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Kuttappan. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí fìtílà ńlá kan sán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìléru, Velappan fi ẹ̀mú gbígbóná lù ú lápá lójú àwọn oníbàárà. Kuttappan fi ìléru sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Kamalam. Láti ìgbà náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Kò sẹ́lòmíì ni?"

"Obìnrin kì í dà á fún ọkùnrin níbí. Bí kò bá wù ọ́, máa jó lọ."

Ó lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jó kó tó padà.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pátákó, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Ìkòkò tó nihò nídìí ni Kuttappan so sókè orí rẹ̀, omi wàrà sì ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ẹ̀bátí kan dé èkejì. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, omi náà já wọ ojú Velappan. Ó lọgun, ó gbé ọwọ́ sókè.

Kuttappan ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ kọ́kọ́ nujú kẹ́ ẹ lè ríran."

Velappan sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó béèrè pé, "Àpá yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà."

"Èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Velappan, ṣùgbọ́n egbò kò jẹ́. "Má bínú," ló wí lábẹ́ aṣọ tó bo ojú rẹ̀.

Kuttappan ti ìkòkò náà lọ, ó tì í bọ̀, títí omi fi tán.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Velappan ti ń sùn dáadáa, egbò ẹnu rẹ̀ sì ti jinná. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì máa ń jó bí oòrùn bá mú. Ìdájí ló ń dáná ìléru báyìí, ó sì ń pa á kó tó di ọ̀sán. Kuttappan kò padà síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Nígbà ọdún ìkórè tí wọ́n ń pè ní Onam, Kuttappan wá sílé wọn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Velappan lórí ẹní, Ammini sì bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.