Abẹ́ Àga Ìkúnlẹ̀

Ìró ìfági ló jí i. Ó kọ́kọ́ rò pé àlá ni, nítorí òun nìkan ni káfíńtà tó kù nínú ilé náà, òun náà ló sì dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yìí. Ìró náà tún dún, ó gùn, ó sì rọra, bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn tí kò fẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Ó fò dìde, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù láì wọ bàtà.

Bàbá rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Bàbá wọ aṣọ ìsùn lódì, èérún pákó bo apá rẹ̀ méjèèjì, àga ìkúnlẹ̀ tí pásítọ̀ ń retí lọ́sàn-án ọjọ́ náà sì wà níwájú rẹ̀, ó dojú délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí ajá tó ń yí nínú iyanrìn.

"Bàbá, kí lẹ ń fi iṣẹ́ mi ṣe?"

Àgbà náà ò gbójú sókè. Ó fa ìfági wá, ó tì í lọ, pákó sì ń yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbẹ̀ ná. Káfíńtà lọkùnrin yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Bíbélì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnu rẹ̀ dùn jọjọ. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ Ọlọ́run, àwọn ìyá àgbà á máa wá áńkáṣíìfù kiri. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní ọkọ òun ń kan àga bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ààfin ọba ni wọn ì bá máa gbé àga rẹ̀ lọ. Nílé ṣá, Kékeré lorúkọ rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n: Àkọ́bí, Àǹtí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òun.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì ni Bàbá kọ́ níṣẹ́ pákó. Àkọ́bí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, Kékeré ń lo òsì. Bí Àkọ́bí bá kan àga, Bàbá á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, á pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ òun ṣe. Bí Kékeré bá kan tiẹ̀, Bàbá á fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tí pákó méjì ti pàdé, á ní, "Ó dáa, gbé e sílẹ̀," ọ̀rọ̀ parí. Ogójì ọdún rèé, "gbé e sílẹ̀" yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn ń dùn ún ni.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Àkọ́bí kú. Ọdún méjì sẹ́yìn ni iyè Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó gbàgbé ọjọ́, ó gbàgbé ojúlé, ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú. Nígbà tó sì di ọjọ́ kan, ó wo ojú Kékeré tó ń wẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àkọ́bí, o ṣeun." Láti ìgbà náà ló ti ń fi orúkọ òkú pe alààyè. Kékeré ń bọ́ ọ, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀, Àkọ́bí ló ń gba ọpẹ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kékeré mọ òwe náà, ó sì ń pa á fún ara rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n òwe kì í fọ aṣọ ibùsùn.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá ṣí gáàsì sílẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ojú pópó ni ọlọ́pàá ti bá a tó ń bèèrè ilé ìyá rẹ̀. Ìlú kejì ni ìyàwó Kékeré ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Oorun ò kún ojú ọkùnrin náà mọ́, ẹ̀yìn ń ro ó. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Àǹtí kó bá òun wá àyè ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àyè sì ti yọ. Aago mẹ́rin ọjọ́ yìí gan-an ni Àǹtí ń gbé mọ́tò bọ̀. Báàgì Bàbá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti àná.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àga nìkan kọ́ ló mú kí ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àga wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ha ojú àga náà, kí ó má baà ni àwọn ìyá àgbà lára bí wọ́n bá kúnlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ ní págunpàgun. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ta ló ń wo abẹ́ àga?

Ó já ìfági gbà.

"Àkọ́bí," Bàbá ní, "fún mi, ó ku díẹ̀."

"Èmi kì í ṣe Àkọ́bí. Àkọ́bí ti kú, Bàbá. Ó ti pé ọdún mẹ́fà."

Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sọ ọ́ mọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí Bàbá bá gbọ́ ọ ni ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ojú Bàbá yí padà. Ó jókòó sórí èérún pákó, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó sì ń sunkún láì gbé ohùn sókè. Kékeré dúró tòun ti ìfági lọ́wọ́, ojú sì tì í. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi wà lórí tábìlì nínú ilé, ojú ìwé méjì, lórí sùúrù ìfẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá má bínú. Nígbà tí Bàbá yóò fi gbójú sókè, ẹkún ti gbẹ, ohun tó fà á pàápàá ti fò lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Mi ò jí nǹkan o. Iṣẹ́ ọmọ mi ni mo ń bá a ṣe."

"Ọmọ yín wo?"

"Kékeré." Bàbá na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tí pákó méjì ti pàdé. "Ẹ wo ìṣó yìí bó ṣe tẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbá a. Òun nìkan ló ń kan ìṣó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ó dáa ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń yìn, torí ọ̀lẹ ni, ìyìn ló ń tì í lẹ́yìn. Kékeré ò nílò ìyẹn. Àmọ́ ó máa ń kánjú. Kì í fá abẹ́ àga. Mo máa ń dìde bá a ṣe é kó tó jí." Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún un o. Tó bá gbọ́, á rò pé iṣẹ́ òun ò dáa."

Kékeré fọwọ́ òsì pa abẹ́ àga náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó jọ̀lọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.

Ìró ìfági láàárọ̀ kùtù. Orí ibùsùn ló ti máa ń gbọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, kí àkùkọ tó kọ. Ó máa ń rò pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni Bàbá ń sáré parí. Á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á tún sùn.

Ó bọ́ aṣọ Bàbá, ó tún un wọ̀ fún un dáadáa, ó fún un ní tíì àti búrẹ́dì. Nígbà tí Bàbá ń jẹun lọ́wọ́, Kékeré fẹ̀yìn lélẹ̀, ó rá pálá wọ abẹ́ tábìlì ìjẹun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kan tábìlì yẹn, ó sì rántí dájú pé òun ò fá abẹ́ rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lọ gbá lọ́jọ́ náà. Ó nawọ́ sókè. Ó jọ̀lọ̀. Ó jáde, ó dojú àpótí tó kàn fún ìyá rẹ̀ dé. Ó jọ̀lọ̀. Ó fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, aláǹtakùn méjì sá jáde, pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò lè rí láyé sì jọ̀lọ̀ bákan náà.

Bàbá ń wò ó, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Kí lẹ ń wá, ọ̀gá?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Lọ́sàn-án, ó gbé àga ìkúnlẹ̀ sórí ọmọlanke, ó ń tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga náà mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. Kò sẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú pátá ni bẹ́ńṣì kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún Kékeré níbẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn bẹ́ńṣì yẹn ló máa ń dúró sí kọ́ àwọn èèyàn ní ìfẹ́ Ọlọ́run, pé kí á tó mọ̀ Ọ́n ló ti fẹ́ wa. Ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni pásítọ̀ bá níta nígbà tó wọlé.

"Tíṣà, ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?"

"Rárá, sà," ohùn rẹ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Nǹkan ni mo rí."

Pásítọ̀ wo Bàbá, bóyá ó lè ṣàlàyé. Bàbá gbé ìka lé ètè.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni mọ́tò Àǹtí dúró síta. Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó kí Bàbá, Bàbá kí i bí ẹni ń kí oníbàárà. Ó na ọwọ́ sí báàgì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Kékeré ní, "ẹ fi sílẹ̀."

Àǹtí yíjú sí i. "Ìwọ lo bẹ̀ mí o. Ọjọ́ tó ò ń bẹ̀ mí, ò ń sunkún lórí fóònù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Tó bá tún ṣí gáàsì ńkọ́?"

Kékeré di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fà á lọ sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀.

Àǹtí ò tètè yọ ọwọ́.

"Ó sọ fún ọ," ó ní.

"Ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀. Màmá mọ̀, Àkọ́bí mọ̀. Èmi ni mo máa ń bá a gbé àtùpà dání kí n tó lọ sílé ọkọ. Ó ní ẹni tó bá fi lè jẹ́ kó o gbọ́, òun ò ní bá a jẹun mọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo ò mọ̀, Kékeré. Bó o ṣe máa ń sùn bí òkú yẹn."

Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá ìṣó tó sọ nù. Nígbà tó yá, Àǹtí nu ojú. Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, òun lòun á máa wá sùn ti Bàbá, kí àbúrò òun lè rí oorun sùn bí èèyàn. Ó ní kó ra àgádágodo sí ìdí gáàsì yẹn lónìí kì í ṣe lọ́la, kó má fi ọ̀rọ̀ Bíbélì dí òun létí. Ó wá gbé báàgì náà fúnra rẹ̀, ó dá a padà sí yàrá.

Kékeré ra àgádágodo náà. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti ojú ìwé méjì tó kọ. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà. Ká ní sùúrù, ká fara dà, ká dárí jì, ká ru ẹrù ara wa: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dáa. Kò rí ibì kan tó ti kọ ohunkóhun fún ẹni tí wọ́n ń fẹ́ràn. Ó mú bírò, ó rò ó títí, kò mọ ohun tí yóò kọ, ó sì ká ìwé náà pọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ṣa àwọn pákó kéékèèké jọ, ó kan àpótí ìjókòó kan. Ó fá ojú rẹ̀, ó ha á títí ó fi ń dán. Ó dojú rẹ̀ dé, ó gbé ìfági, ó gbé e lé abẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó tún gbé ìfági náà kúrò. Ó fi òòlù gbá irin ẹnu rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ó má mú jù fún ọwọ́ àgbà, ó kó àwọn ayùn àti gbogbo nǹkan mímú mìíràn sínú àpótí irinṣẹ́, ó tì í, ó sì fi ìfági nìkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà àárín yàrá. Kékeré ti jí. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀. Ó pa ojú dé, ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló rọra fa ilẹ̀kùn padà kó má baà jí i. Kò pẹ́ tí ìró ìfági fi bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kékeré ò dìde. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.