Àyè Tí Bàbá Akínsànyà Ń Fi Sílẹ̀

Ní ọdún tí à ń sùn sílé epo, tí táyà tuntun di ohun tí à ń fojú wò lásán, àwọn èrò fi ẹjọ́ Bàbá Akínsànyà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, sùn ní gáréèjì Oǹdó. Wọ́n ní ó ti darúgbó, pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà á. Ọgbọ̀n ọdún rèé tó ti ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. Alága ẹgbẹ́ awakọ̀ pe Oríọlá, akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Bá wọn lọ, kí o bá wọn bọ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ti lọ́ra, a ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn."

Oríọlá jókòó níwájú, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Àyè tó wà láàrin wọn àti ọkọ̀ iwájú, bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lè tò sí i. Bí ẹnìkan bá já wọ ibẹ̀, Bàbá á tún rọra fà sẹ́yìn.

"Baba, ṣé ẹ bá ọkọ̀ iwájú jà ni?" Modúpẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, ìyá mi. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

Oríọlá rẹ ohùn sílẹ̀. "Baba, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tó tó?"

"Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá òpó iná, màá máa pe àwọn ọmọ mi: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Bí mo bá dé òpó náà kí n tó pe Àlàbá, mo ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, màá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìdòwú tó ṣaláìsí ńkọ́?"

"Mi ò lè fò ó, Akọ̀wé. Bí mo bá fò ó, àyè á dín."

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé Ọ̀wẹnà. Bàbá tún dẹwọ́ eré. Takisí kan sáré kọjá wọn, ó lọ lẹ̀ mọ́ ìdí lọ́rì tó ru gẹdú. Lójijì ni lọ́rì dúró. Takisí forí sọ ọ́, gíláàsì fọ́ yángá. Oríọlá ti fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ọkọ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ Bàbá tó kúrò lórí tọ́tù tó ń fún ọkọ̀ ní eré. Síbẹ̀ bọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ọkọ̀ mìíràn ṣì lè gba iwájú wọn kọjá. Ẹnikẹ́ni kò kú. Awakọ̀ takisí jáde, ó di iwájú orí mú.

Modúpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Baba, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún wọn lọ."

Nígbà tí wọ́n padà dé Oǹdó, Alága ti ń dúró. "Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

Oríọlá kò lè purọ́. "Ó lọ́ra. Tèmi yá jù ú lọ."

Bàbá wolẹ̀.

"Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó lọ́ra, Alága, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ dè é. Àwa tí ẹsẹ̀ wa yá, kí là ń fi sílẹ̀?"

Alága yíjú sí àwọn agbèrò, ó ní kí wọ́n máa pe èrò Àkúrẹ́ sínú ọkọ̀ Bàbá.