Sídíì Keje

Nínú ẹbí, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju ipò tó wà kó tó fẹ̀yìn tì lọ. Kọ̀ǹpútà tiẹ̀ nìkan ló ṣì ní ibi tí wọ́n ń ki sídíì bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi di sídíì kéékèèké méje sínú gèlè, tó gbé wọn wá bá a. Fídíò ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló wà nínú wọn, ọmọbìnrin tí ibà mú lọ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kó wọn sínú fláàṣì. Mo ti ń gbàgbé ohùn ẹ̀. Inú keje yìí ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Inú kámẹ́rà tí mo fi yà á ni sídíì yìí wà lọ́jọ́ tọ́mọ náà dákẹ́, kámẹ́rà ọ̀hún sì ti bàjẹ́.”

“Ṣé ìyẹn náà le ni? Fọkàn balẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu sídíì láti àárín wá sétí, ó ń kì í bọ̀, ẹ̀rọ ń kérora. Mẹ́fà jáde. Ọmọ ń sáré, ọmọ ń jó, ṣùgbọ́n ariwo èrò bo ohùn ẹ̀ pátápátá. Ó ki keje bọ̀. Kọ̀ǹpútà ní òfìfo ni, ṣé kóun nù ún mọ́ kó lè gba nǹkan tuntun?

Ọ̀gá pòṣé. “Sídíì òfìfo ni wọ́n fi ń da ara wọn láàmú!” Ó tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Ẹ ò rí i bí ọwọ́ ṣe ń yá ju ọpọlọ lọ? Ó tún kó èyí tó dáa jù nínú mẹ́fà yẹn sórí ẹ̀, ó ní òun fi ń ṣe àbúrò òun lóore. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀.

Nígbà tó sọ fún un pé keje ṣófo, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí. Ó gbà. Ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló sáré wọlé láìwé gèlè, ó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣófo o! Ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe ló sọ fún mi. Tí kámẹ́rà tó ya fídíò sórí sídíì ò bá tíì pa á dé, ẹ̀rọ mìíràn ò lè rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó ti bá mi tún un ṣe. Ẹ mú un wá, ẹ jọ̀ọ́!”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ ìsìnkú, Ọ̀gá ò rí ẹ̀rín yẹn mọ́. Irọ́ ti tò sẹ́nu ẹ̀, pé ó ti sọnù, pé ó ti fọ́, ṣùgbọ́n ojú àbúrò ẹ̀ ò jẹ́ kó lè pa á.

“Mo ti nù ún. Kọ̀ǹpútà ló bi mí bóyá kóun nù ún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣebí kò sí nǹkan níbẹ̀ ni. Dárí jì mí.”

Obìnrin náà rọra gbé kámẹ́rà sórí tábìlì.

“Ó bi yín,” ó ní. “Ẹ̀rọ lásánlàsàn, ó bi yín kó tó nù ún. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bi mí.”